Koríko Inú Àwọ̀n

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Old Kent Road lọ sí Peckham, ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀ ń rojọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń gbé.

"Aunty, mo da koríko gbígbẹ sílẹ̀ fáwọn ẹṣin nínú òtútù yìí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n tọ̀ sí i, wọn ò sì jẹ ẹ́ mọ́. Manager ní inú àwọ̀n ni kí n máa kó o sí. Tí n bá tún fi ṣòfò, kí n máa lọlé."

"Àwọ̀n kẹ̀? Ṣé ẹja ni wọ́n ni?"

"Kí wọ́n lè máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ìwọ tó o sọ ní interview pé orí ẹṣin lo dàgbà sí n'Ílọrin, o ò mọ̀?"

"Aunty, ẹṣin kan ṣoṣo tí mo mọ̀, ara kàlẹ́ńdà pálọ̀ wa ló wà."

Ìyá náà káwọ́ lérí. "Yéè! Ẹṣin kàlẹ́ńdà ò kúkú fi koríko ṣòfò."