Ìkòkò Ṣáínà Tí Ìyá Mi Fọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ìyá tó bí mi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó mu omi nínú ilé mi. Láàárọ̀ yìí, wọ́n mú ife dání, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ní, "Ṣé mo lè lo eléyìí?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ilé wa ní Parsloes, nílùú òyìnbó níbí, dákẹ́ jù fún mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìkòkò amọ̀ àwọn ará Ṣáínà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi nǹkan dídán bò kí wọ́n tó sun ún níná. Ẹlòmíì ń ra bàtà, èmi ń ra ìkòkò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù kan ní Rush Green ni mo ti rí i. Àwọ̀ ewé ni, nǹkan funfun kan sì bo ara rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ fún mi pé pípẹ́ tó pẹ́ nínú ilẹ̀ ló fún un ní ìpẹ́ náà, pé ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà. Mi ò jẹ́ kí omi kàn án rí.

Màámi wá kí mi láti Ìjẹ̀bú. Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn, mo rò pé kò ní yé wọn. Ẹ ò rí ìgbéraga! Lọ́jọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa fẹ́ wá gbàdúrà nílé, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìdọ̀tí ni ìyá mi rí lára ìkòkò yẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí nílé ọmọ wọn. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ títí gbogbo ìpẹ́ náà fi ṣí kúrò. Nígbà tí mo wọlé, àwọn àlejò ti jókòó, Màámi sì gbé e bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, omi àdúrà ti wà nínú rẹ̀.

"Wò ó bó ṣe mọ́, ọmọ mi!"

"Màámi! Ta ló ní kí ẹ touch ẹ? Ẹ ti spoil ẹ! Ṣé ẹ rò pé abúlé lẹ wà ni?"

Lójú gbogbo wọn, ìyá mi kúnlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú." Ìyá kúnlẹ̀ bẹ ọmọ, èmi sì dúró, mò ń wo ìkòkò!

Mo ti bẹ Màámi títí. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Lánàá, mo gbé ìkòkò náà sí kíṣìnnì, mo ní kí wọ́n máa fi tọ́jú iyọ̀. Wọ́n nù ún, wọ́n fi gèlè wọn wé e, wọ́n gbé e padà sáyè rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn, torí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń pè mí láti yàrá, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn lè ṣí fèrèsé.