Mo Ní Ìjọba Ò Tíì Sanwó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń parọ́ kan fún ìyá mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá fẹ́ ta oko àgbọn rẹ̀, nítorí tèmi sì ni.

Nọ́ọ̀sì ìjọba ni mí tẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, gbogbo ẹbí ló mọ ọjọ́ tí a ń gbowó oṣù. Kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo fún wọn títí ó fi sú mi.

Owó epo gbẹ, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá lówó. Owó oṣù kan á wọlé, ti méjì á wọgbó. Nígbà míì, wọ́n á san gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n san án bẹ́ẹ̀, àbúrò mi wá béèrè owó. Mo ní, "Ìjọba ò tíì sanwó." Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ò ní gbà?

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń wí fún gbogbo wọn nìyẹn. Mo ń kó owó lọ sí ẹnubodè Sèmè, mo ń ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó àwọn ará òdìkejì, kí náírà tó ń já wálẹ̀ má baà jẹ ẹ́ tán, kí n lè rí nǹkan jẹ lóṣù tí kò bá sówó. Òun ni mo fi kọ́lé sí Ìjànikin. Mo wí fún wọn pé mo háyà ilé náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, n kì í ṣe ahun. Ẹ̀rù ọ̀la ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja yíyan àti gààrí ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dún kan, ó ta ọkọ̀ ìpẹja tí bàbá wa fi sílẹ̀, ó gbé owó rẹ̀ wá fún mi. Mo gbà á. Mo tiẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀.

Ẹbí ò béèrè nǹkan mọ́. Wọn ò sì wá mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi nìkan ni mò ń gbé inú yàrá mẹ́rin. Mo dá wà, ó sì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá gbọ́ lórí rédíò pé owó ìfẹ̀yìntì ń falẹ̀. Ó ní, "Ojú ń tì ọ́ láti béèrè, mo mọ̀. Mo ti rí ẹni tó máa ra oko àgbọn. Wàá rí owó ilé san." Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má tà á. Kò gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé ni ẹni náà ń bọ̀ wá sanwó. Mo ní láti sọ̀rọ̀ kó tó dé. Àmọ́ ìyá máa ń wí fún àwọn aládùúgbò pé òun lòun gbé nọ́ọ̀sì òun ró nígbà tí ìjọba pa á tì. Kò ní ohun mìíràn tó fi ń yangàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀?