Ẹja Yẹn Kò Kọ Ọwọ́ Àbúrò Mi

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ rí i pé àtigun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ti di iṣẹ́ fún òun, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní kó wá, kó má sì mú ẹnikẹ́ni dání. Àbúrò dé, ó kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi ìrọ̀rí sílẹ̀, jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń lé e. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ dá a padà lónìí. Bí mo bá ń sunkún, má pàrọwà fún mi."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ jí?"

"Ọ̀rọ̀ Onítìjú ni."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ọ́fíìsì dókítà eyín kan ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ nígbà tí eegun wọn ṣì le. Títí dòní, bí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ bá gbóòórùn kànáfùrù tí wọ́n ń fi sí eyín dídùn, inú yàrá yẹn ni ọkàn rẹ̀ máa ń padà sí: àga gígùn aláwọ tó ya lápá kan, tí àwọn ọmọdé ti fi ìka tú fóòmù inú rẹ̀ tán, fèrèsé tí oòrùn aago mẹ́wàá ń gbà wọlé, ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbẹ́ eyín, tó ń ké fíífíí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá ló fi ń kọ́ ọrùn, ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó di ọdún kẹjọ rẹ̀ níbẹ̀, ó bá àbúrò rẹ̀ wá iṣẹ́ síbẹ̀, pé kó máa nu ilẹ̀, kó máa fọ irinṣẹ́, títí yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Fọ́ọ̀mù náà ti wà nínú àpò ọmọbìnrin náà, ó ti kọ ọ́ dé ìlàjì.

Ọdún yẹn ni dókítà ra àpótí gíláàsì ńlá kan tó kún fún omi iyọ̀, kí àwọn ọmọdé lè rí nǹkan wò, kí ìró ẹ̀rọ yé já wọn láyà. Ẹja búlúù kan wà nínú rẹ̀, oníjàgídíjàgan. Èkejì kò ju ìka ọwọ́ lọ: ìlàjì ara rẹ̀ elése àlùkò, ìlàjì pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tó pọ́n. Bí wọ́n ṣe dà á sínú omi báyìí, ó sá sẹ́yìn òkúta. Wọ́n ju oúnjẹ sí i, kò jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò jẹ. Àwọn ọmọdé bá sọ ọ́ ní Onítìjú.

Àbúrò ló mú ọ̀rọ̀ ẹja náà lọ́kàn. Ó ní àlejò ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ló ń jẹun níbi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí? Ó yọ ẹja búlúù sínú ike lọ́tọ̀. Ó to òkúta lé ara wọn títí ó fi ní ihò bí ilé. Ó fi aṣọ bo gíláàsì lápá méjì, ó dín iná kù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í. Ó wá ra ọmọ edé wẹ́wẹ́ tó ṣì wà láàyè, ó ń fà wọ́n sínú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ó ń tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ihò náà, apá rẹ̀ kò ní mì. "Jẹ díẹ̀," ni yóò máa wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́."

Lọ́jọ́ kẹfà, imú kékeré kan yọ. Ẹja náà hán edé kan, ó sá wọlé. Ó tún jáde, ó hán òmíràn. Àbúrò sáré lọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fò lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ má baà mì, kí ẹja má baà tún sá. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, kálukú fi ọwọ́ bo ẹnu ẹnì kejì.

"Ọjọ́ yẹn ni mo fi gbogbo inú bá ọ yọ̀ kẹ́yìn," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Láti ọjọ́ kejì ni àwọn aláìsàn ti ń béèrè pé, 'Ọmọge ẹlẹ́ja dà?' Dókítà gan-an dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ọwọ́ ọmọ yìí tutù. Nọ́ọ̀sì gidi ló máa dà.' Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin yẹn, kò mẹ́nu ba ọwọ́ mi rí, àfi bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ, èmi tí mo mú ọ wọlé! Wo ìwà àgbà.

"Aago méje ni mò ń dé, aago mẹ́jọ ni ìwọ ń dé. Bí mo bá ti wọlé, màá tan gbogbo iná, màá ká aṣọ tí o fi bò ó, màá fi kọ́kọ́rọ́ kan gíláàsì náà níbi ihò rẹ̀ gan-an. Kó, kó, kó. Ẹja náà á fi ara gbá òkúta. Màá wá bò ó padà, màá dín iná kù, màá jókòó sórí àga mi bí ẹni mímọ́. Ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

"Ikùn ẹja náà wọnú, orí rẹ̀ wá tóbi ju ara lọ. O pààrọ̀ omi. O rẹ edé sínú omi aáyù, nítorí ẹni tó ta ẹja náà ní òórùn rẹ̀ máa pè é síta. Kò jáde. O kúnlẹ̀ síwájú àpótí yẹn, omi ń dà lójú rẹ, o ní, 'Àǹtí mi, kí ni mo ṣe fún un?' Mo lè jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ààyè wà. Ohun tí mo sọ ni pé..."

Ẹ̀gbọ́n gbé ojú kúrò lára àbúrò rẹ̀.

"Mo ní, 'Ọwọ́ àwọn kan wà tí ohun ẹlẹ́mìí kì í gbà.'"

"Mo rántí," ni àbúrò wí. "Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba nǹkan jẹ́ ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Àbúrò kò padà síbi iṣẹ́ náà mọ́. Ó ya fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí méjì, ó ní ẹni tí kò lè bọ́ ẹja, ta ló máa gbé aláìsàn lé e lọ́wọ́? Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú bọ́tìnnì nílé aránṣọ, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, tí ọmọ náà kọ ọmú fún ọjọ́ méjì, ó gbé e fún ìyá wọn, ó ní kí wọ́n gbà á kí ọwọ́ òun má baà pa á lára. Ẹ̀gbọ́n wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó yíjú sí ògiri.

"O lọ tán, n kò kan gíláàsì mọ́. Síríǹjì rẹ ni mo lò. Ọ̀rọ̀ tí o máa ń bá a sọ gan-an ni mo bá a sọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jẹun. Dókítà pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn, mo sì tẹ́wọ́ gba ìyìn náà. Ọdún méje ni ẹja yẹn tún lò. Kò kọ ọwọ́ rẹ o, àbúrò mi. Ọwọ́ tèmi ló burú. Mo tọrọ àforíjì. Bí o kò bá rí i ṣe, n kò ní pè ọ́ ní ìkà."

Àbúrò dìde. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ̀yin" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó na ìka sí i. "Ìwọ," ló wí. "Ìwọ." Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, kò wá. Ẹ̀gbọ́n kò ránṣẹ́ sí i. Ó mọ̀ pé ẹni tó dá egbò síni lára kì í yan ọjọ́ tí egbò yóò jinná. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò wọlé, kò kí i, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn.

"Inú ṣì ń bí mi o."

"Ó yẹ kó bí ọ."

Àbúrò fi etí ìborùn nu ojú.

"Ṣé ó sanra?"

"Ta ni?"

"Onítìjú ni. Nígbà tó padà ń jẹun."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka méjì wọn bó ṣe tóbi tó. Ó fẹ́ tún bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ mi orí.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Ẹ má fo ọjọ́ kankan."