Ẹsẹ Bíbélì Tí A Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ló gbé mi dìde láàárọ̀ yìí. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí, èmi Màmá Tọ́pẹ́ ni, láti Kúdẹtì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà. Ẹ wá wo ọmọ tíṣà tó ń fìdí rẹmi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì! Gbogbo ìgbà tí rìsọ́ọ̀tì bá ti jáde ni mo máa ń bú Tọ́pẹ́. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní ó ń dójú tì mí. Mo gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀, mo ta òróró sórí ìwé ẹ̀. Pàbó! Níkẹyìn, ilé ìwé kọ̀wé pé tó bá tún fi lè féèlì, àwọn máa lé e. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá tún pariwo mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń ṣe àdúrà ilé. Ẹ mọ bí a ṣe ń ka Bíbélì, ẹsẹ kan fún ẹnì kan, yípo. A ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé láti Òkè Padre. Wọ́n jókòó ṣáájú Tọ́pẹ́, wọ́n ka ẹsẹ tiwọn. Ó kan Tọ́pẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹsẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kà náà lòun náà tún kà! Ojú ẹ̀ sì wà nínú ìwé o. Àwọn àbúrò ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ṣe tán, mo pè é sí yàrá. Ó bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo máa ń ka iye èèyàn tó ṣíwájú mi ni, kí n lè mọ ẹsẹ tó máa kàn mí. Màá wá ní kí àbúrò mi kà á fún mi kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, màá há a sórí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín jókòó ṣáájú mi, ẹsẹ tí mo há sórí ló kàn wọ́n. Tí mo bá wojú ìwé, ṣe ni lẹ́tà máa ń dà pọ̀ lójú mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré, mà."

Háà! Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́ látọjọ́ yìí, n ò rí tèmi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ ọmọ náà.

Ọlọ́run ló la ọ̀nà. Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wọn, wọ́n ní ká gbàwé dókítà wá. Dókítà ní ọpọlọ ẹ̀ dá ṣáká, ìwé kíkà ló nira fún un. Ilé ìwé wá fún un ní àfikún àkókò nínú ìdánwò, ẹnì kan sì ń ka ìbéèrè sí i létí. Nílé, èmi ni mò ń kàwé fún un.

Rìsọ́ọ̀tì ti jáde. Kò sí A níbẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá jẹ́rìí fọ́ọ̀sì kíláàsì, Ọlọ́run á fi kún un. C ni tèmi! C gbáko, kò sí féèlì kankan! Ijó ni mo jó láti Mápó dé Bẹẹrẹ.

Lánàá, bí mo ṣe ń kàwé fún un lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù yín ò bà mí mọ́."

Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run!