Ẹni Tó Mọ̀ Mí ní Pobẹ̀

Ògo! Mo ní ògo fún Olúwa! Ẹ̀yin ará, ohùn yín ò jáde, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kí n tún un pè: ògo fún Ẹni tí kò gbàgbé mi sórí bẹ́ńṣì àwọn pòlísì! Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti gbọ́ yín báyìí. Ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì mọ̀ mí, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọjà-Ọ̀dàn ni mo ti wá, ní ìhà Nàìjíríà lọ́hùn-ún. Bọ́sẹ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn, ilé ọkọ ló wà ní Kàdúná, ọ̀nà jìn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ sì ti kú ni ilé wa ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá tan rédíò sílẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn, mo kàn fẹ́ kí ohùn èèyàn wà nínú ilé ni. Bí mo bá se ọbẹ̀, èmi nìkan ni màá jẹ ẹ́ títí yóò fi kan. Ìdánìkanwà ò dáa, ẹ̀yin ará. Ó ń jẹ èèyàn lára.

Nínú ọmọ ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Wúrà, tó fẹ́ ọkọ sí Ṣakẹ́tẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọkọ náà ti ṣaláìsí, Ọlọ́run ò sì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀nà tó wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò jìn. Ẹnubodè ló sọ ọ́ di jíjìn. Ọdọọdún la ń sọ pé, "Bó bá di Kérésìmesì, màá yọjú." Kérésìmesì á dé, á sì kọjá lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì kan ni, ó ń sọ Ànàgó, Yorùbá tiyín níbí.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò Màmá Wúrà? Ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́dọ̀ wa ní ọsibítù Ṣakẹ́tẹ́. Inú ló ń run wọ́n. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lónìí. Ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i. Dókítà tó máa ṣe é, Àjàṣẹ́ olú-ìlú wa ló ti wá, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ń padà lọ. Màmá, ẹ yára o."

Ẹ gbọ́ o, ẹnu nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ pé kí n yára!

Mo kó sínú ọkọ̀ kékeré tí bàbá Bọ́sẹ̀ fi sílẹ̀. Ìwé ọkọ̀ pé, káàdì ìdánimọ̀ wà nínú báàgì. Wọ́n jẹ́ kí n kọjá ní ẹnubodè. Bí mo ṣe dé orí ọ̀nà ọlọ́dà yín tó ń dán yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ìyá arúgbó yìí, mo tẹ iná mọ́tò! Mo ń sọ pé, "Wúrà, dúró dè mí, Wúrà, má tíì lọ." Mi ò wo pátákó kankan. Àfi bí mo ṣe wọ Pobẹ̀ tí ọlọ́pàá kan yọ síwájú mi, tó na ọwọ́.

Ará, mo sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ikú. Faransé ló fi dá mi lóhùn. Ó fi ẹ̀rọ kan hàn mí tí nọ́ńbà wà lójú rẹ̀, ó ń nawọ́ sí mi, ó ń nawọ́ sí nọ́ńbà. Ó gba ìwé ọkọ̀, ó gba láísẹ̀nsì, ó gba káàdì ìdánimọ̀. Ọkàn mi gbóná. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ wo orí ẹ̀ bí orí kókò. Ìyá tó bí èyí ò kọ́ ọ rárá."

Ọmọkùnrin yìí gbé ojú kúrò lára káàdì mi. Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ìyá mi kọ́ mi dáadáa. Ìta Ìjẹ̀bú ní Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n ti kọ́ mi."

Yé! Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì! Ọmọ Ànàgó ni o! Èmi tí mo rò pé ẹni tó bá ti wọ aṣọ ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí, Faransé nìkan ló ń gbọ́!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sọ, ní Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Ó mi orí. Ó ní, "Màmá, gbogbo ẹni tí mo bá dá dúró ló ní aláìsàn nílé. Èébú tí ẹ bú mi kọ́ ni mo fi mú yín o, eré tí ẹ sá ni. Ìwé ìtanràn yín rèé. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ẹ ó ti san án ti tì, ó di Mọ́ńdè. Àlejò sì ni yín. Bí mo bá fi yín sílẹ̀, níbo la ó ti rí yín?"

Mo ní, "Kí ni kí n wá ṣe?"

Ó ní, "Ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé ní Pobẹ̀ níbí, tó mọ̀ yín, kó wá dúró fún yín. Bó bá ti dúró, ẹ máa lọ."

Ta ni mo mọ̀ ní Pobẹ̀? Ẹ sọ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òun ló sì wà lórí ibùsùn ọsibítù yẹn. Mo mú fóònù. Láìnì fóònù Nàìjíríà mi ti kú fin-ín-fin-ín láti ẹnubodè. Mo ní kí n gun ọ̀kadà lọ, kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ní, "Káàdì yín wà lọ́wọ́ mi, Màmá. Ẹ jókòó."

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì kan níwájú ọ́fíìsì wọn, lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n mú awakọ̀ akẹ́rù kan wá, kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé, wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gun alùpùpù wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá, lèmọ́mù àdúgbò wọn wá, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n ń pariwo lé e lórí, wọ́n ń gbá a létí, wọ́n sì mú un lọ sílé. Ẹ má bínú sí mi, mo jowú ọmọ yẹn. Mo jowú ìgbátí tí wọ́n gbá a. Kò sí ẹni tó máa wá gbá èmi létí.

Oòrùn ń yí. Mo ń ronú nípa dókítà tó fẹ́ padà sí Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé, "Olúwa, Ìwọ ńkọ́, ṣé O mọ̀ mí?" Mo sunkún. Mo fi ìborùn bo ojú kí wọ́n má rí i.

Ó wá ku obìnrin kan tó ń kọjá níwájú mi láti àárọ̀. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Sikíra. Mùsùlùmí ni. Ó ń kọ́ yàrá kan kún ilé rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pọn omi tí àwọn bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó kọ́kọ́ kọjá pẹ̀lú garawa omi lórí, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Inú ń bí mi, ó kù díẹ̀ kí n má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi ì bá dìde nínú sàréè. Mo ní, "Ẹ ṣé o, ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tó tún dé, ó ní, "Ẹ tún wà níbẹ̀? Ẹ kú àfaradà." Mo dáhùn, mo bi í pé ilé náà ti dé ibo. Ó ní, "Ó ti dé ojú fèrèsé." Ó lọ. Ó bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ garawa kalẹ̀, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Kí ló dé gan-an, tí ẹ̀ ń sunkún?"

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan orí kókò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá ọlọ́pàá.

Ó ní, "Mo wá dúró fún obìnrin yìí."

Ọlọ́pàá ní, "Ìyá Sikíra, ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ òní?"

Ìyá Sikíra ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àárọ̀ òní. Mo kí i, ó dáhùn. Mo tún kí i, ó tún dáhùn, ó sì béèrè ilé mi. Èèyàn báyìí kì í ṣe ẹni tí ń sá lọ. Ìwọ tí o ti fi í jókòó síbí, o ti kí i? Ṣé bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó ní Ìta Ìjẹ̀bú nìyẹn, tí ọmọ ń kọjá lọ kọjá bọ̀, tí kò wí nǹkan kan?"

Áà! Ọmọ náà wo bàtà rẹ̀. Ó rìn wá síwájú mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Orí kókò yẹn, ẹ bá mi gbàgbé ẹ̀." Àwọn ọlọ́pàá tó kù rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo máa padà ní Mọ́ńdè. Ìyá Sikíra fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Ọlọ́pàá ní, "Màmá, ẹ má sáré mọ́ o." Ìyá Sikíra ní, "Kò lè sáré. Èmi náà ń bá a lọ." Ó fi garawa sílẹ̀, ó fi àwọn bíríkìlà sílẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti pò, ó wọ inú ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ẹni yìí rí! Bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á ní, "Rọra!" Títí a fi dé Ṣakẹ́tẹ́, "Rọra, rọra!"

Nígbà tí a débẹ̀, dókítà ti gbé báàgì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré pàdé mi, ó ní, "Ẹ̀yin ni? Ẹ fọwọ́ síbí." Mo fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ti ẹ̀gbọ́n mi kọjá lórí ibùsùn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó la ojú, ó wò mí bí ẹni tó rí ohun tí kò retí. Wọ́n tì í wọlé.

Ìyá Sikíra tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń kírun. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mò ń pe Jésù. A ò dí ara wa lọ́wọ́. Nígbà tó yá, dókítà jáde, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé. Mo di nọ́ọ̀sì mú, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Ó ní, "Ó ní ó ti yọrí, mà."

Ó ti yọrí! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni!

Àmọ́ ẹ dúró, mi ò tíì parí. Nọ́ọ̀sì yìí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ nígbà tí a béèrè ẹni tí a máa pè? Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan. A fi agídí gba nọ́ńbà yín lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, 'Ẹ pè é bí ẹ bá fẹ́. Kò ní lè wá.'"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Òun náà! Ọmọ ìyá kan náà, ọmú kan náà la mu, òun ń dá jẹun níhìn-ín, èmi ń dá jẹun lọ́hùn-ún, oníkálukú ń rò pé òun ò lẹ́nì kan. Nígbà tó jí, ó ní, "O wá." Mo ní, "Mo wá." Ẹkún la wá ń sun.

Ní Mọ́ńdè, mo padà sí Pobẹ̀, mo san owó ìtanràn mi tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọlọ́pàá yẹn, olè kọ́ ni wọ́n, mo sáré lóòótọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ inú ìjọ, ẹ máa wo pátákó. Ìyá Sikíra náà wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn o, ó ní ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lòun máa dé. Ìyá Sikíra, Ọlọ́run á parí ilé yín, ẹ̀ẹ́ sì gbé e pẹ́! Ẹ dá mi lóhùn, ará, ẹ ṣe àmín tó tó àmín!

Ìwọ tí o wà níbí lónìí, tí o ń sọ lọ́kàn rẹ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, má tíì ṣíwọ́. Bí ẹnì kan bá kí ẹ, bó ti wù kí inú máa bí ẹ tó, dáhùn. O ò mọ ẹni tí Olúwa rán. Ìwọ tí o sì ń kọjá lọ, tí o rí ẹni tó dá jókòó, má wojú ẹ̀ kọjá.

Mo ti ti ilé Ọjà-Ọ̀dàn pa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà báyìí. À ń jà lórí iyọ̀, à ń jà lórí ẹni tó máa gbálẹ̀, ó ní mo máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi lónìí rèé, ẹ bá mi gbé e fún Olúwa: bí mo bá fẹsẹ̀ kọ nínú yàrá mi báyìí, ẹnì kan wà ní yàrá kejì tó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o."