Ọwọ́ Tó Ń Ti Kọ̀ǹpútà Mi Pa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí lónìí, torí láti ọjọ́ Túsìdeè ni mo ti ń wá ọ̀nà tí mo fi máa sá fún ẹ̀rí yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì kí mi kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni wọ́n ní kí n tẹ àwọn orin tí àwọn àgbà tó kọ́kọ́ jọ́sìn ní Sabon Gari yìí fi sílẹ̀, kí wọ́n má baà parẹ́. Màmá Ìjọ ló ń kọ wọ́n sí mi létí lórí fóònù, èmi á sì máa tẹ̀ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde lọ jẹun, tàbí mo lọ wo ẹni tó ń kan géètì, kí n tó padà dé, kọ̀ǹpútà ti jáde fúnra rẹ̀, á wá máa bi mí ní páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tí n kò bá tíì séèfù ti lọ nìyẹn. Orin kan wà tó dànù lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo pe Màmá ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ti gbàgbé ẹsẹ kejì.

Ìyàwó àbúrò mi tó kú, Ìyá Tọ́pẹ́, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ní Sátidé kan, mo ti balùwẹ̀ dé, mo bá a níbi tó dúró ti tábìlì, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì ti jáde.

Mo ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, kí lo fọwọ́ kàn níbẹ̀?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, eruku ni mo ń nù. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín rárá."

Ẹ foríjì mí, mo máa sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ọwọ́ tó pa àbúrò mi ló tún ń pa iṣẹ́ mi."

Ìyàwó mi jáde wá láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá Dékúnlé, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì." Mi ò gbé e mì. Ìyá Tọ́pẹ́ ká àkísà yẹn sí mẹ́rin, ó fi lé orí àga. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ó ti kó lọ sí yàrá kan ní Gwagwarwa. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù, Tọ́pẹ́ fi Hausa bi mí bóyá àwọn ṣì máa padà wá. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ọ̀tá tó pa àbúrò mi ti jáde nílé mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kọ̀ǹpútà ò jáwọ́. Mo ní obìnrin yẹn fi nǹkan sílẹ̀ dè mí ni. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo da òróró àdúrà sórí ibi tí a ti ń tẹ lẹ́tà, mo ní, "Olúwa, ọwọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, tú àṣírí rẹ̀, kí ojú tì í." Òróró wọnú rẹ̀, lẹ́tà A àti E ò dìde mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Málàm Sàní tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ̀nà wa, òun náà ló bá mi tò ó nígbà tí mo rà á. Ó nu òróró náà, kò bi mí ibi tó ti wá. Mo wá ro ẹjọ́ jíjáde yẹn fún un.

Ó wò mí, ó ní, "Baba, ai kai ne ka ce in saka." Pé ṣebí èmi ni mo ní kó fi í síbẹ̀.

Mo rántí. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Tọ́pẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ra kọ̀ǹpútà náà. Mo sọ fún Málàm pé bí mo bá ti fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó jáde fúnra rẹ̀, torí obìnrin kan ti wọlé mi tí n kò fẹ́ kó rí nǹkan mi. Ìwàásù nìkan ni mo ń fi wò nígbà yẹn, kò sí ohun tó lè dànù, mo bá gbàgbé. Málàm tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní ó ti tán. Kò pẹ́ tó kí ènìyàn fọ ọwọ́. Ọlọ́run ti gba àdúrà mi bí mo ṣe gbà á gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Túsìdeè, mo lọ sí Gwagwarwa. Ìyá Tọ́pẹ́ ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, àwọn ènìyàn ń wò yín."

Mo ní kí wọ́n máa wò mí.

Ó ní, "Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ da ọ̀rọ̀ yẹn sí ni kẹ́ ẹ ti lọ kó o. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pe Tọ́pẹ́ ní ọmọ àjẹ́."

Ohun tí mo wá kó nìyí. Ìyá Tọ́pẹ́ ò pa àbúrò mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, obìnrin yìí ló sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ọsibítù títí ó fi kú. Kò sí àjẹ́ nílé mi. Ọkàn búburú ló wà níbẹ̀, tèmi sì ni. Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi ògo fún.

Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tíì sọ pé òun máa padà sílé wa, n kò sì ní fi dandan mú un. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi yọ̀, ẹ má wulẹ̀ kọrin fún mi. Ẹ dìde, ẹ lọ bọ òun àti Tọ́pẹ́ lọ́wọ́. Èmi ni màá kọ́kọ́ lọ.