Oògùn Tí Kò Pa Kòkòrò Kankan

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Kẹ́mísírì ni mo kà. Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì, olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ní kí n po iyọ̀ bàbà mọ́ èròjà kan, kí n wò ó bóyá ohun tó bá jáde lè pa kòkòrò inú egbò. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló jáde, ó dùn ún wò. Mo fi í sínú àwo tí kòkòrò náà wà. Tó bá pa wọ́n, ojú ibẹ̀ á mọ́ roro yíká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Kò mọ́. Kòkòrò bo gbogbo àwo.

Ẹ̀rù bà mí pé mi ò ní lè bá ẹgbẹ́ mi jáde. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pa wọ́n. Wọ́n yìn mí. Ìyá mi ròyìn rẹ̀ káàkiri Ìkàrẹ́.

Màmá Ìwàrò gbọ́. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi dàgbà ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kó jinná.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bù díẹ̀ fún mi nínú oògùn rẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí láti sọ pé irọ́ ni. Mo pò ó mọ́ òrí, mo gbé e fún wọn. Wọn ò lọ wẹ egbò ní ọsibítù mọ́, oògùn ọmọ wọn ti dé. Nígbà tí a fi máa gbé wọn lọ síbẹ̀, egbò ti ń rùn. Dókítà gé ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gun àpáta lọ sóko.

Wọn ò bínú sí mi rárá. Wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Oògùn ọmọ mi dáa, èmi ni mo pẹ́ kí n tó lò ó."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rán aládùúgbò wọn kan sí mi, obìnrin tó ní egbò bíi tiwọn. Ọsibítù ni mo mú un lọ. Màmá pè mí lórí fóònù.

"Kí ló dé tí o fi ohun tí o fún mi du ẹlòmíì?"

Mo ní mi ò gbọ́ wọn dáadáa, pé nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Mo pa fóònù. Mo sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Mo ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ayọ̀ tí wọ́n ń yọ̀ lórí mi ló kù. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́, kí n gba ìyẹn náà ni?